Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Àṣírí Ìdílé àti Ẹ̀bi Ìjọba nínú Fullmetal Alchemist

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ìwé tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí tán. Ìwé náà kì í ṣe ìwé Yorùbá. Máńgà ni, ìyẹn irú ìwé àwọn ará Jàpáànù nínú èyí tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ ti jọ ń sọ ìtàn. Fullmetal Alchemist ni orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni mo ti gba ìdìpọ̀ kan nínú rẹ̀, nítorí pé ó ń kà á lábẹ́ tábìlì nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní àròkọ. Nígbà tí mo fẹ́ dá a padà, ọmọ náà bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí dáhùn lọ́jọ́ náà: "Tísà, ọkùnrin tó ní àpá níwájú orí yìí, ṣé ẹ̀dá ìtàn rere ni àbí ẹ̀dá ìtàn burúkú?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ mọ̀ pé àwa gan-an ni a kọ́ àwọn ọmọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. A ó fa ìlà sí àárín pátákó, a ó kọ àwọn ẹni rere sí ọ̀tún, a ó sì kọ àwọn ẹni ibi sí òsì. Mo wá ìyókù ìwé náà kà, mo sì rí i pé kò ṣe é pín báyẹn. Ìdí tí kò fi ṣe é pín, lójú tèmi, wà nínú ìtàn ilẹ̀ tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti wá. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn nìyẹn.

Òǹkọ̀wé náà àti ilẹ̀ rẹ̀

Obìnrin ni òǹkọ̀wé yìí. Hiromu Arakawa ni wọ́n ń pè é, ọdún 1973 ni wọ́n sì bí i sí agbègbè Tokachi ní Hokkaido, erékùṣù ńlá tó wà ní àríwá Jàpáànù. Àgbẹ̀ ọlọ́sìn màlúù ni àwọn òbí rẹ̀. Ọdún méje ni ó fi ṣiṣẹ́ nínú oko wọn kí ó tó gba Tokyo lọ ní 1999. Láti ọdún 2001 títí di 2010 ni ìtàn Fullmetal Alchemist ń jáde ní oṣooṣù nínú ìwé ìròyìn Monthly Shōnen Gangan. Ìdìpọ̀ 27 ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí.

Hokkaido yìí ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ní ọdún 1868 ni ìjọba tuntun tí àwọn òpìtàn ń pè ní ìjọba Meiji gorí àlééfà. Ní ọdún 1869, ìjọba náà yí orúkọ erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Ezo tẹ́lẹ̀ padà sí Hokkaido, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ láti sọ ibẹ̀ di oko àti ìlú. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wá láti gúúsù láti wá tẹ̀dó síbẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ náà kò ṣófo. Àwọn Ainu ni wọ́n ni ín. Wọ́n ní èdè tiwọn àti ẹ̀sìn tiwọn, wọ́n ń pẹja nínú odò, wọ́n sì ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín nínú igbó. Ìjọba sọ ilẹ̀ wọn di tirẹ̀. Ó fi òfin dè wọ́n lórí ẹja tí wọ́n ń pa àti ọdẹ tí wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 1899, ó ṣe òfin kan tó pè ní òfin ààbò. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà ṣe ni pé ó pín ilẹ̀ oko fún àwọn tí oko kì í ṣe iṣẹ́ ìran wọn, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi èdè Jàpáànù kọ́ àwọn ọmọ wọn títí èdè ìyá wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ọdún 1997 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Ọdún 2019 ni òfin tó pe àwọn Ainu ní onílẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Nígbà tí ojú ayé rí báyìí, ọ̀pọ̀ ìdílé Ainu bẹ̀rẹ̀ sí í fi orírun wọn pamọ́. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọmọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, tàbí kí àna kọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ kan dàgbà kí wọ́n tó mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn. Arakawa kò fi tirẹ̀ pamọ́. Ó ti sọ ọ́ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé àwọn baba ńlá òun wà lára àwọn tó wá tẹ̀dó tí wọ́n sì lé àwọn Ainu kúrò lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ Ainu tún wà nínú ìdílé òun kan náà. Ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọmọ tí ẹni tó lé ni àti ẹni tí wọ́n lé jọ bí, apá ọ̀tún pátákó ni kí á kọ ọ́ sí ni, àbí apá òsì?

Àṣírí inú ilé

Nínú ìtàn náà, ìlú àfinúrò kan wà tí à ń pè ní Amestris. Níbẹ̀, àwọn onímọ̀ kan lè sọ ohun kan di òmíràn. Ẹ jẹ́ kí á pe iṣẹ́ wọn ní ìyídà. Òfin ìyídà ni pé ẹni tí yóò gba nǹkan gbọ́dọ̀ san nǹkan tó bá a dọ́gba. Ọmọkùnrin méjì, Edward àti Alphonse Elric, pàdánù ìyá wọn lẹ́yìn tí baba wọn ti fi ilé sílẹ̀. Edward jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 10, nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti fi ìyídà jí ìyá wọn dìde. Èèwọ̀ ni. Edward pàdánù ẹsẹ̀ kan, gbogbo ara Alphonse sì pòórá. Edward fi apá rẹ̀ kan san án kí ẹ̀mí àbúrò rẹ̀ lè rí ibi wọ̀, inú ẹ̀wù irin ogun tó ṣófo ló sì wọ̀. Ohun tí wọ́n rí níwájú wọn lọ́jọ́ náà kò jọ ènìyàn.

Àwọn ọmọ náà dáná sun ilé wọn. Edward fín ọjọ́ tí wọ́n sun ún sínú aago tó ń gbé sápò, ó sì pa aago náà dé pinpin. Gbogbo ènìyàn rò pé kí wọ́n má baà ní ibi tí wọn yóò padà sí ni wọ́n ṣe sun ilé. Baba wọn, Hohenheim, ni ó tú àṣírí náà nígbà tó padà dé. Ó sọ fún Edward pé ńṣe ló dà bí ọmọdé tó tọ̀ sórí ẹní tó wá lọ fi ẹní náà pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ, nítorí pé òótọ́ ni.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìwé náà tẹ̀lé èyí. Edward padà lọ sí ibi tí wọ́n sin ohun tí wọ́n yí dá sí. Ó gbẹ́ ilẹ̀ nínú òjò, ó ń bì, ó sì ń gbẹ́ ẹ lọ. Nígbà tó rí irun àti egungun itan, ó mọ̀ pé ìyá òun kọ́ nìyí. Láti ọdún wọ̀nyí wá, wọ́n ti rò pé àwọn ni àwọn pa ìyá àwọn lẹ́ẹ̀kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú ni ó gbé ìrètí wọn dání.

Mi ò sọ pé ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nìyí, ṣùgbọ́n n kò lè ka ojú ewé náà kí n má rántí Hokkaido. Àwọn olùṣèwádìí wú egungun àwọn Ainu nínú ibojì wọn, wọ́n sì kó o lọ sí yunifásítì. Èyí tó wà ní Hokkaido University nìkan lé ní ti ẹni 1,000. Àwọn àgbà Ainu gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ní 2012. Ní 2016, egungun ẹni 12 padà sí Urakawa, wọ́n sì tún un sin. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àṣírí ìjọba

Ìran kan wà ní ìlà-oòrùn Amestris tí à ń pè ní Ishval. Arakawa ti sọ pé ìtàn àwọn Ainu wà lára ohun tó fún òun ní èrò nípa wọn, kí ó sì tó kọ apá tó kan ogun wọn, ó lọ bá àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kejì sọ̀rọ̀. Sójà kan yìnbọn pa ọmọdé ará Ishval, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ó sì gba ọdún méje. Ní ọdún 1908 inú ìtàn náà, olórí ìjọba, King Bradley, pàṣẹ pé kí àwọn onímọ̀ ìyídà ìjọba lọ pa gbogbo wọn run, tọmọdé tàgbà. Àwa ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ní Ishval, gbogbo ọwọ́ ni wọ́n gé.

Ohun tí ìjọba fi pamọ́ ni pé wọ́n fi àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nínú ogun náà ṣe òkúta pupa kan, èyí tó ń jẹ́ kí onímọ̀ ìyídà gba nǹkan láìsan ohunkóhun. Ẹ̀mí ènìyàn ni òkúta náà. Òun kan náà sì ni àwọn ọmọ Elric ti ń wá káàkiri kí ara wọn lè padà bọ̀ sípò. Níbí ni àṣírí ilé àti àṣírí ìjọba ti pàdé: ohun tí yóò mú inú ilé kan dùn, òkú àwọn ará ilé mìíràn ni wọ́n fi ṣe é.

Ta ni a ó dá lẹ́bi?

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ọkùnrin tí ọmọ kíláàsì mi béèrè. Scar ni wọ́n ń pè é. Ará Ishval ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fi apá tirẹ̀ rọ́pò apá tí ogun gé lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà sì kú. Nígbà tí Scar ta jí, orí ibùsùn ni ó wà níwájú dókítà méjì, tọkọtìyàwó Rockbell, ọmọ Amestris tí wọ́n wá ń tọ́jú àwọn ará Ishval. Ojú àwọn ọ̀tá rẹ̀ nìkan ni ó rí. Ó pa àwọn méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Winry, ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ Elric, òun ló sì ṣe apá irin tí Edward ń lò.

Winry gbọ́ àṣírí yìí lójijì, ìbọn sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀. Ó nà án sí Scar, ṣùgbọ́n kò yìn ín. Nígbà tó ṣe, ó fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ Scar, ó sì là á yé e pé òun kò tíì dárí jì í o. Ohun tí àwọn òbí òun ì bá ṣe ni òun ṣe. N kò tíì rí ibi tí ìwé kankan ti ya ìtọ́jú sọ́tọ̀ kúrò lára ìdáríjì báyìí.

Ní ìhà kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀gágun Roy Mustang wà, ẹni tó fi iná jó àwọn ará Ishval. Ìmọ̀ iná náà, àṣírí ìdílé ni. Olùkọ́ rẹ̀ ni ó fín in sí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ obìnrin, Riza Hawkeye. Riza fi han Mustang nítorí pé ó gbà pé yóò fi ran ará ìlú lọ́wọ́. Lẹ́yìn ogun, òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ Mustang pé kí ó fi iná ba ohun tó wà ní ẹ̀yìn òun jẹ́. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì yìí jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán wọn, wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí a rán ni kì í pa ẹ̀bi rẹ́. Ète Mustang ni kí òun gba ìjọba, kí òun dá a padà fún ará ìlú, kí wọ́n sì wá gbé òun lọ sílé ẹjọ́ fún ohun tí òun ṣe.

Ìparí rẹ̀ kò sì mọ́ gaara. Mustang fọ́ lójú. Dókítà Marcoh, tó wà lára àwọn tó ṣe òkúta pupa, fún un ní èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè ríran, bí ó bá lè gbà láti dá ilẹ̀ Ishval padà fún àwọn tó ni ín. Mustang gbà. Edward ní tirẹ̀ kò fi òkúta gba ara àbúrò rẹ̀ padà. Ìmọ̀ ìyídà tirẹ̀ gan-an ni ó fi san án. Òǹkọ̀wé kò sọ ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì.

Mo ní àríwísí kan. A rí i níkẹyìn pé sójà tó yìnbọn pa ọmọdé náà kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀dá abàmì kan ni ó gbé àwọ̀ sójà wọ̀. Èyí dín ẹ̀bi ènìyàn kù ju bó ti yẹ lọ. Kò sí ẹ̀dá abàmì nínú òfin ọdún 1899. Akọ̀wé ìjọba ni ó kọ ọ́, aṣòfin sì fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, Arakawa kò jẹ́ kí àwọn sójà rẹ̀ sá sábẹ́ àwáwí yìí. Ọwọ́ tó tanná, ọwọ́ ènìyàn ni.

Ìkádìí

Èsì wo ni kí n wá fún akẹ́kọ̀ọ́ mi? Mo pè é lẹ́yìn ìgbà náà, mo ní kí ó pa ìlà àárín pátákó rẹ́. Mo ní kí ó máa bi ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì: kí ni ẹni yìí mọ̀, kí ni ó sì ṣe lẹ́yìn tó ti mọ̀ ọ́n? Scar mọ̀ pé òun jẹ Winry ní gbèsè ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ìtàn parí, ó gba ilé lọ láti bá wọn tún Ishval kọ́. Kò di ẹni mímọ́, kò sì dúró sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ kì í yan ilé tí a ó bí i sí. Àwọn baba ńlá Arakawa ti ṣe èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bí i. Èyí tó kù sọ́wọ́ rẹ̀ ni bóyá yóò bò ó tàbí yóò sọ ọ́, ó sì sọ ọ́. Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìdílé tàbí ìjọba tó bá fi àṣírí ẹ̀jẹ̀ sórí òrùlé, tó ní kí àwọn ọmọ máa sùn, kí ó rántí pé àwọn ọmọ náà ni iná yóò kọ́kọ́ bá.