Ta Ni Ó Ni Ọ̀sà?

Yorùbá gbà pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi ní àwọn tí ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ mọ bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti ń rí, kò di ìgbà tí a bá dé ilẹ̀ òkèèrè. Ìtàn Ẹ̀pẹ́ àti ti Ìkòròdú tó wa í fi kọ́gbọ́n.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí Ọba Kòsọ́kọ́ sì fi ìlú sílẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó sá gbà, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀, ojú ọ̀sà ni wọ́n ń gbà bá Èkó jà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní du Èkó mọ́, òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Campbell náà gbà pé Kòsọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí èbúté Palma àti Lẹ́kkí.

Lójú tèmi, omi ni wọ́n pín lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá di èbúté mú ni epo pupa tí ń ti òkè wá yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n agbára ni ó gbé àdéhùn náà ró. Ní ọdún 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní ọdún 1862, nígbà tí ó sì di ọdún 1863, Palma àti Lẹ́kkí ti bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn náà kò pé ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, níbi tí ọ̀nà Rẹ́mọ ti já sí ọ̀sà. Àwọn ọmọ ogun tí Glover rán láti Èkó ni ó lé wọn. Ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń pín omi.

Òfin àgbáyé òde òní fẹ́ fi ẹ̀tọ́ rọ́pò ìbọn. Ní ọdún 1997, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí omi tí orílẹ̀-èdè ju ẹyọ kan lọ jọ ní. Ó ní kí oníkálukú lo omi àjọni bí ó ti yẹ, kí ó má ṣe fa ewu ńlá bá aládùúgbò, kí ó sì fi ohun tí ó fẹ́ ṣe sí odò tó ẹni kejì létí ṣáájú. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Bẹ̀nẹ̀ sì dara pọ̀ ní ọdún 2012. Ó kàn wá, nítorí pé ọ̀nà omi láti Èkó gba Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ilé wa. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni dáàmù Ọ̀yán wà, ọdún 1983 ni wọ́n sì ṣí i. Ọ̀yán ń ṣàn sínú odò Ògùn, odò Ògùn sì ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, oṣù kan péré lẹ́yìn tí Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti Ọ̀yán bo Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ó sì lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nílé.

Àdéhùn náà kò lè gbà wọ́n, nítorí àárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni ó mọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní ti odò, ẹni tí ó da omi wà lókè, ẹni tí ó ń tẹ ilẹ̀ tútù wà nísàlẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹni kan náà. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ohun tí Nàìjíríà ti ṣèlérí láti ṣe fún Bẹ̀nẹ̀, ó yẹ kí a ṣe é fún Ìkòròdú pẹ̀lú: kí ìkìlọ̀ máa ṣáájú omi dé ẹnu ọ̀nà àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò, kí ohùn tiwọn náà sì wà níbi tí a ti ń pinnu ìgbà tí a ó ṣí dáàmù.