Ipa Equiano

Bí ọyẹ́ bá ti ká kúrò lójú sánmà, tí wọ́n sì mú iná lọ ní Adéwọlé, àdúgbò wa, mo máa ń jókòó síwájú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò, a ó gbójú sókè. Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lóru, máa ń wà níhà gúúsù. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìràwọ̀ kan wà tí ojú lásán kò lè rí, HD 43197. Ní 2019, nígbà tí International Astronomical Union pé ọgọ́rùn-ún ọdún, Nàìjíríà sọ ọ́ ní Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Ìgbò. Plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká di Equiano, fún Olaudah Equiano tó fi ìwé rẹ̀ ti 1789 bá òwò ẹrú jà.

Orúkọ ti wà. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi ṣàlàyé wọn fún ọmọ Yorùbá ló kù.

Mi ò fara mọ́ kí a pe plánẹ́ẹ̀tì ní ìràwọ̀. Ìràwọ̀ ní iná tirẹ̀. Àgùàlà, tí a ti ń kà mọ́ ìràwọ̀ látayébáyé, iná oòrùn ló ń tàn padà. Nítorí náà mo gba plánẹ́ẹ̀tì wọlé bó ṣe wà. Èyí tí kì í ṣe ti oòrùn wa ni mo ń pè ní plánẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn odi. Ìlú tó ní odi mọ ohun tí ẹ̀yìn odi jẹ́.

Ọ̀nà tí plánẹ́ẹ̀tì ń gbà yí ìràwọ̀ rẹ̀ po ló yọ mí lẹ́nu jù. Òbìrí ni mo kọ́kọ́ pè é, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrí sílẹ̀. Mo wá sọ fún àwọn ọmọ náà pé Equiano máa ń sún mọ́ Amadioha tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 23 kìlómítà, lẹ́yìn náà á jìnnà sí i tó mílíọ̀nù 250. Ọmọbìnrin kan ní, “Ẹ̀gbọ́n, òbìrí tí ẹ yà yìí ńkọ́? Ibi gbogbo ló jìnnà dọ́gba sí àárín.”

Òótọ́ ló sọ. Mo pa òbìrí tì, mo mú ipa. Ejò ní ipa, kẹ̀kẹ́ ní ipa. Ipa kò ṣèlérí pé òun rí roboto. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì ohùn òkè sí i: ipa ni, kì í ṣe ipá. Òòfà ìràwọ̀ ló ni ipá.) Bí ipa náà ṣe fà gùn tó ni mo ń pè ní ìfàgùn: òbìrí gidi jẹ́ 0, ti Ayé wa kò ju 0.017 lọ, ti Equiano tó 0.83.

Ọdún kò ní ìṣòro. Bí plánẹ́ẹ̀tì bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ọdún rẹ̀ pé. Ti Equiano jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 328 tiwa.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Ó ya ipa tó gùn bí ẹyin tí wọ́n fà lórí fà nídìí, kò sì fi Amadioha sí àárín. Ìkangun kan ló tẹ̀ ẹ́ sí.