Láti Inú Ewé Dé Inú Epo: Ìtàn Kromatógíráfì àti Ọ̀rá

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wa ra epo pupa ní ọjà méjì. Epo inú ìgò àkọ́kọ́ pọ́n díẹ̀, bí ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Ti inú ìgò kejì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ẹni tó gba yàrá àyẹ̀wò kọjá lọ́jọ́ náà ló ń nawọ́ sí ìgò kejì pé, "Èyí gan-an lepo." A kán díẹ̀díẹ̀ nínú epo méjèèjì sí ìdí gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ti fi lúbúlúbú sílíkà bò, a gbé e sínú omi kẹ́míkà díẹ̀, a wá ń wò bí omi náà ṣe ń fa epo lọ sókè. Epo àkọ́kọ́ gbé àmì aláwọ̀ ìyeyè lọ sókè téńté. Epo kejì ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún fi àmì pupa kan sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, níbi tí a kò retí ohunkóhun.

Ohun tí a ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní kromatógíráfì. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè jáde ti kọ́ ọ sórí fún ìdánwò, bí àwa náà ṣe ń kọ́ ọ báyìí. A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sọ bó ṣe dé fún wa. Ìtàn náà la fẹ́ sọ níbí, nítorí pé ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Inú ewé ló ti bẹ̀rẹ̀, inú ọ̀rá ló ti di gbajúmọ̀, ẹ̀kọ́ tó sì fi kọ́ àwọn tó ṣe é kò ju ọ̀kan lọ: ojú lásán kò tó ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí ọ̀rá ṣì jẹ́ àdììtú

Ẹni tó kọ́kọ́ tú ọ̀rá palẹ̀ dáadáa ni Michel Eugène Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ní 1811 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọṣẹ tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ṣe wò. Nígbà tó di 1823, ó kó ohun tó rí jọ sínú ìwé kan. Ó fi hàn pé ọ̀rá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo: gílísẹ́rìnì ni, tí àwọn ásíìdì so mọ́ ọn lára. Bí èèyàn bá ń se ọṣẹ, àjọṣe wọn ló ń tú ká. Ìyá àgbà tó ń fi eérú àti àdín se ọṣẹ dúdú ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ìkòkò rẹ̀. Pé Chevreul kọ tirẹ̀ sílẹ̀, tó sì wọ̀n ọ́n, ni ìyàtọ̀.

Ní 1840, ọmọ Faransé mìíràn, Edmond Frémy, rí ásíìdì kan nínú epo pupa. Orúkọ igi ọ̀pẹ ló fún un, orúkọ náà ló sì ń jẹ́ káàkiri ayé títí dòní: palmitic. Àsìkò náà ni epo pupa ń ti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù fún ọṣẹ àti àbẹ́là. Kò pẹ́ sí i tí Èkó náà fi di ọ̀kan nínú àwọn èbúté tó ń kó epo jáde, Liverpool sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tan àwọn ọ̀mọ̀wé náà jẹ. Chevreul ti rí ohun kan tó ń dán bí péálì, ó rò pé ásíìdì tuntun ni, ó sì sọ ọ́ ní margaric, láti inú orúkọ tí àwọn ará Gíríìkì ń pe péálì. Lẹ́yìn 1850 ni Wilhelm Heinrich Heintz ní Jámánì tó fi hàn pé kò sí ohun tuntun kankan níbẹ̀: palmitic àti stearic ló dà pọ̀, tí wọ́n ń dán bí ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ṣe bọ́tà àtọwọ́dá ní 1869, inú orúkọ yẹn ni wọ́n ti fa "màjarín" yọ. Orúkọ àṣìṣe kan la ń fi pa búrẹ́dì lójoojúmọ́.

Ní Liverpool, níbi tí epo wa ń gúnlẹ̀ sí, Thomas Percy Hilditch di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1926. Ó ti bá iléeṣẹ́ ọṣẹ ṣiṣẹ́ rí, ó mọyì ohun tó wà nínú ọ̀rá. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ yẹ ọ̀rá oríṣiríṣi wò, ti ẹranko, ti ẹja àti ti èso igi, ìwé tó kọ jáde ní 1940 sì di ìwé tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ nípa ọ̀rá gbójú lé. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Wọ́n á sọ ọ̀rá di èròjà tó lè di oruku, wọ́n á sè é níbi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á gba oruku náà ní ìpín-ìpín, wọ́n á wọn ìpín kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ṣe ìṣirò. Ọ̀rá púpọ̀ ló ń bá a lọ, ọjọ́ púpọ̀ ló ń gbà. Bí ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ bá jẹ́ ẹ̀kán kan péré, kò sí ohun tí wọ́n lè rí sọ.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwọ̀

Ibi tí ìdáhùn ti máa wá kò jọ ibi ọ̀rá rárá. Onímọ̀ nípa ewéko ni Mikhail Tsvet, ọmọ Rọ́ṣíà tí wọ́n bí ní Ítálì ní 1872. Warsaw ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń wá kò ju pé kí ló mú ewé ní àwọ̀ tó ní. Ó rọ lúbúlúbú ẹfun sínú túùbù gíláàsì, ó da omi ewé tó ti gún lé e lórí, ó wá ń da omi kẹ́míkà kan tó fúyẹ́ bíi pẹtiróòlù tẹ̀ lé e. Àwọ̀ tó jọ ẹyọ kan ṣoṣo lójú pín sí méjì, sí mẹ́ta, sí púpọ̀: òrùka aláwọ̀ ewé níhìn-ín, òrùka aláwọ̀ ìyeyè lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹfun funfun náà.

Ní 1903 ló kọ́kọ́ sọ ọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1906 ló sọ iṣẹ́ náà ní kromatógíráfì nínú ìwé ìròyìn Jámánì kan, èyí tó túmọ̀ sí kíkọ àwọ̀ sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé "àwọ̀" ni Tsvet túmọ̀ sí ní èdè Rọ́ṣíà. Orúkọ ọkùnrin náà àti orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ bára mu.

Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ìgbà náà rò pé ẹfun rẹ̀ ń ba èròjà ewé jẹ́ ni, kì í ṣe pé ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Tsvet kú ní 1919, ọmọ ọdún 47, láìrí i kí iṣẹ́ rẹ̀ gbilẹ̀. Ní 1931 ni Richard Kuhn àti Edgar Lederer ní Heidelberg tó gbé ọ̀nà rẹ̀ dìde. Kárótì ni wọ́n yẹ̀ wò: kárótíìnì tó mú un pọ́n, tí wọ́n rò pé ọ̀kan ni, pín sí méjì. Kárótíìnì yìí kan náà ló mú epo tiwa pupa.

Nígbà tí ọ̀rá wọ inú afẹ́fẹ́

Ìṣòro kan ṣẹ́kù. Ásíìdì inú ọ̀rá kò ní àwọ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ yà sọ́tọ̀, ta ló máa rí wọn?

Ní Leeds, ní yàrá ìwádìí àwọn oníṣòwò irun àgùntàn, Archer Martin àti Richard Synge gbé ọ̀nà tuntun kan jáde ní 1941. Dípò kí èròjà máa lẹ̀ mọ́ lúbúlúbú, àárín ohun olómi méjì ni wọ́n jẹ́ kó pín ara rẹ̀ sí. Nínú ìwé yẹn kan náà, wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú méjèèjì lè jẹ́ afẹ́fẹ́. Gbólóhùn yẹn wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó gbé e. Martin fúnra rẹ̀ ló padà wá gbé e, òun àti Anthony James, ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ní Mill Hill, London. Ní 1952 ni iṣẹ́ wọn jáde, ọdún náà sì ni Martin àti Synge gba ẹ̀bùn Nobel fún ti Leeds.

Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí Martin àti James fi dán an wò? Ásíìdì ọ̀rá ni, láti orí èyí tó kúrú jù títí dé orí èyí tó ní kábọ́ọ̀nù méjìlá. Àwọ̀ kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Bí ásíìdì kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde lẹ́nu túùbù, ó ń bọ́ sínú omi kan, ẹ̀rọ sì ń kán èyí tó máa pa agbára ásíìdì rẹ̀ sí i, ó ń kọ iye tó kán sílẹ̀. Ìwádìí tí àwa ń fi ọwọ́ ṣe ní ọdún kìíní, tí ojú wa ń pọ́n lórí búrẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ló ń bá wọn ṣe é.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fojú inú wo èèyàn mẹ́wàá tó jọ wọ ọjà ní ẹnu ọ̀nà kan, tí wọ́n sì fẹ́ jáde ní ìkejì. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni á kọjá wéré. Ẹni tó ní ìbátan nídìí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan á kí ti ibí, á kí ti ọ̀hún, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ásíìdì lọ. Ohun olómi tí wọ́n fi pa inú túùbù ni àwọn ìbátan. Ásíìdì tó kúrú kì í pẹ́, èyí tó gùn á máa dúró kí èèyàn. Ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, kí ẹ máa kọ àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde: ẹ ti mọ ẹni tó wọlé.

Ní 1956, James àti Martin ṣe é dé orí ásíìdì tó ní kábọ́ọ̀nù 18, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ wọ́n di èròjà tó rọrùn láti di oruku. Ká tó wọ 1960, àwọn kan ní Ọsirélíà àti ní Gúúsù Áfíríkà ti fi iná háídírójìn sí ẹnu túùbù, iná tó ń mọ̀ bí ohun tó kéré jọjọ bá bọ́ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti Liverpool di iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan, ohun tó sì ń gbà kò tó ẹ̀kán kan.

Ibẹ̀ la ti mọ epo tiwa délé. Nínú epo pupa, palmitic tó nǹkan bí ìdá 44 nínú 100, oleic sì tó nǹkan bí 39. Nínú àdín, lauric nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹyìn kan náà, epo méjì tí kò jọra. Nínú òrí, stearic àti oleic nìkan ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá da ọ̀kan lu èkejì, ẹ̀rọ á sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sípéènì

Ní oṣù karùn-ún 1981, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Sípéènì. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé òróró ló pa àwọn èèyàn náà pọ̀. Àwọn oníṣòwò kan ti kó òróró rapeseed tí wọ́n ti fi áníláìnì pò kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ẹ́ wọlé. Wọ́n tún un sè kí wọ́n lè yọ májèlé náà, wọ́n wá tà á fún àwọn mẹ̀kúnnù nínú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní àkọlé, pé òróró ólífì ni. Ó ju 20,000 èèyàn lọ tó kó àìsàn náà, ó sì ju 300 lọ tó kú.

Lójú, òróró ni. Lẹ́nu, òróró ni. Kromatógíráfì ló fi hàn pé áníláìnì ti so mọ́ ásíìdì ọ̀rá, ó ti di ohun tí kò yẹ kó wà nínú òróró kankan. Àmì yẹn ni wọ́n fi ń ya òróró tó léwu sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ṣe nǹkan.

Epo tiwa

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìgò wa méjèèjì. Sudan IV ni aró pupa kan tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́, kò yẹ kó wọ oúnjẹ. Ní 2005, Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé epo pupa tó bá fẹ́ wọ ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ mú ìwé àyẹ̀wò dání pé kò sí aró Sudan nínú rẹ̀. Ní 2015, àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Gánà kéde pé àwọn rí Sudan IV nínú epo tí wọ́n kó láti ọjà. NAFDAC náà ti ké gbàjarè nípa rẹ̀ nílé wa. Ẹ kíyè sí i: lábẹ́ àṣẹ 2005 yẹn, epo tó ń lọ sí Yúróòpù ní láti kọjá lójú ẹ̀rọ nígbà náà. Púpọ̀ nínú èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, ojú oníbàárà ló ń kọjá, ojú yẹn gan-an sì ni aró wà fún.

Ẹ̀rọ tó ń ya ásíìdì ọ̀rá kò lè mú aró yìí, nítorí pé aró kì í fẹ́ di oruku. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kromatógíráfì olómi, ọmọ ìyá ti Tsvet, ni wọ́n fi ń mú un. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà níbi tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́ kí a tó wọlé. Gíláàsì pẹlẹbẹ wa lè mú ká fura, kò lè dá ẹjọ́. Kárótíìnì ní ìbátan tó pọ̀, àwọn náà sì lè fi àmì sílẹ̀.

Nítorí náà, a kò padà lọ bá ìyá tó ta epo pupa yẹn pé ó fi aró sí i. Bóyá òun náà rà á bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá epo rẹ̀ kò lábùkù. Epo ni ìyá náà rù, a kò gbọ́dọ̀ di oníyangí. A ti bẹ ibi tí ẹ̀rọ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, a sì ń retí èsì. Títí dìgbà náà, a gbé ìgò méjèèjì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, a kọ déètì sí wọn lára, a kò sì kọ ẹ̀sùn kankan.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, bí ẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ń pín owó ẹ̀rọ, ẹ rántí wa. A kò fẹ́ ẹ nítorí máàkì nìkan. Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n ní Sípéènì, àwọn kan ti kú kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó ta ojúlówó epo nílò ẹ̀rí, bí ẹni tó jẹ ẹ́ ṣe nílò rẹ̀.