Láti Àwo Òjé dé BMS: Iṣẹ́ Oníbátìrì ní Ìlọrin

Iṣẹ́ oníbátìrì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí ọkọ̀ gbé wọ Ìlọrin. Kí ọkọ̀ tó dé, ìlú náà ti lórúkọ nínú òfì híhun àti ìkòkò mímọ, pàápàá ìkòkò àwọn obìnrin Dàda ní Òkèlèlé. Iṣẹ́ ìdílé ni ìwọ̀nyí. Ọwọ́ òbí lọmọ ti ń kọ́ wọn. Ojú irin láti Èkó dé Ìlọrin ní 1908, afárá rẹ̀ lórí odò Ọya ní Jẹ́bà sì parí ní 1916. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù wá pọ̀ lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó sì gba Jẹ́bà lọ sí òkè Ọya, Ìlọrin di ibi tí awakọ̀ ti ń sinmi, tó sì ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ní Máràbá, ní Ọ̀fà Gàráàjì àti ní àwọn ibùdókọ̀ yòókù, fọ́kanáísà, mẹkáníìkì, rẹ́wáyà àti oníbátìrì di aládùúgbò ara wọn.

Ohun tí oníbátìrì ń tọ́jú ti wà kí mọ́tò tó wà. Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ tó ṣeé ṣáájì, ní 1859. Ní 1912 ni ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná bátìrì jí ẹ́ńjìnnì, dípò kí awakọ̀ máa fi irin yí i níta. Bátìrì 12 fóltì kì í ṣe odindi ohun kan: sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni, tí a so mọ́ ara wọn ní ìlà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú fóltì 2 àti díẹ̀ wá. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwo òjé ló wà nínú omi ásíìdì.

Bátìrì àtijọ́ ṣeé tú. Rọ́bà dúdú líle ni àpótí rẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n fi dí orí rẹ̀, ọ̀pá òjé tó so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì sì wà ní gbangba. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀gá lè wọn sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bátìrì tó kún, tí ara rẹ̀ sì le, yóò fi nǹkan bí 12.6 fóltì hàn. Èyí tó bá dúró sí nǹkan bí 10.5, bó ti wù kí a ṣáájì rẹ̀ pẹ́ tó, sẹ́ẹ̀lì kan ti kú nínú rẹ̀. Ọ̀gá a tún fa ásíìdì sínú igò ìwọn: bí a bá pe ìwúwo omi ní 1, ti ásíìdì sẹ́ẹ̀lì tó kún yóò tó nǹkan bí 1.27, ti èyí tí iná rẹ̀ ti gbẹ yóò sún mọ́ 1.12. Sẹ́ẹ̀lì tó bá yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni aláìsàn. Wọ́n á fi iná yọ ọ̀dà, wọ́n á fa àwo rẹ̀ jáde, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n á yọ́ òjé lé e lórí, wọ́n á sì tún fi ọ̀dà dí i.

Òye kan ló wà nídìí gbogbo làálàá yìí: nínú ìlà kan, sẹ́ẹ̀lì tí agbára rẹ̀ kéré jù ló ń pinnu agbára gbogbo ìlà. Òun ló ń kọ́kọ́ kún, òun náà ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ fóltì nìkan kò tíì mọ ohun tó ń ṣe bátìrì.

Yàtọ̀ sí òfì àti ìkòkò, ẹnikẹ́ni ló lè kọ́ iṣẹ́ bátìrì. Òbí á fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ á sìn ín fún ọdún mélòó kan títí di ọjọ́ fírídọ̀mù. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé ásíìdì ni à ń rọra dà sínú omi. A kì í da omi lé ásíìdì, kí ó má baà hó ta síni lójú. Awakọ̀ nìkan kọ́ ni oníbàárà. Ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ló ni ilẹ̀ Kainji nígbà tí iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1968, ṣùgbọ́n iná náà kò dé gbogbo ilé, kò sì dúró níbi tó dé. Bátìrì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lò sí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ọ̀dọ̀ oníbátìrì sì ni wọ́n ń gbé e lọ tó bá gbẹ.

Nígbà tí àpótí ike tí a lẹ̀ pa rọ́pò rọ́bà àti ọ̀dà, iṣẹ́ títú bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀pá òjé wọ inú, sẹ́ẹ̀lì kan kò sì ṣeé yọ mọ́. Oníbátìrì di ẹni tó ń ṣáájì, tó ń ta tuntun, tó sì ń ra òkú bátìrì fún àwọn tó ń yọ́ òjé. Májèlé ni òjé, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Ògìjó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, yíyọ́ òjé bátìrì ti kó òjé sínú ilẹ̀ àti sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ìlú yòówù tí òkú bátìrì bá pọ̀ sí.

Bátìrì lítíọ́mù, irú tí a ń pè ní lithium-ion, ló mú sẹ́ẹ̀lì padà sójú iṣẹ́. Ní 1991 ni Sony ní Japan kọ́kọ́ gbé e sọ́jà. John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, tí ìwádìí wọn bí i, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Fóònù ló gbé e dọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn tí GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2001. Ní orí bátìrì fóònù ni bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tó ń gé iná bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ kún jù tàbí gbẹ jù. Nígbà tí sólà àti ìnfátà dé, bọ́ọ̀dù náà ti dàgbà, ó ti ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní BMS.

Alùpùpù oníná ló tẹ̀lé e. MAX, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2015, wà lára àwọn tó gbé e wá sí Nàìjíríà. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, láti 2022, Spiro ti ń jẹ́ kí ọlọ́kadà pààrọ̀ bátìrì tó gbẹ sí èyí tó kún, kí ó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ní Ìlọrin, epo ni ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ṣì ń mu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan fi kúrò lábẹ́ ₦200 tó sì fò dé nǹkan bí ₦500, alùpùpù oníná ti di ọ̀rọ̀ àtijẹ. Ẹni tó bá sì ra tirẹ̀ níbi tí kò sí ibùdó ìpààrọ̀, ọwọ́ oníṣẹ́ àdúgbò ni bátìrì rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Ohun mẹ́ta ni oníṣẹ́ ń wò kó tó yan BMS. Èkíní ni irú lítíọ́mù: sẹ́ẹ̀lì irú ti fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ń kún ní 4.2 fóltì, ti lítíọ́mù onírin àti fọ́sífáàtì ń kún ní 3.65. BMS ti ọ̀kan kò gbọdọ̀ ṣọ́ èkejì. Èkejì ni iye sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìlà: bátìrì tí a ń pè ní 48 fóltì sábà máa ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 13 nínú irú àkọ́kọ́, tí yóò kún ní 54.6 fóltì, tàbí 16 nínú irú kejì, tí yóò kún ní 58.4. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn. Mọ́tò 1,000 wáàtì lórí 48 fóltì ń fa nǹkan bí áńpì 21, ó sì ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ń gun òkè. BMS áńpì 30 ló yẹ ẹ́, kì í ṣe 20. Nínú ooru oṣù March ní Ìlọrin, èyí tó ní wáyà ìwọn ooru ló dára jù, nítorí púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù kò gbọdọ̀ gba ṣáájì bí ara wọn bá ti kọjá ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Bí alùpùpù bá kú lójijì, BMS kọ́ ló máa ń bàjẹ́ nígbà gbogbo. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Mítà ni a ó fi wọn sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, sẹ́ẹ̀lì ni kí a pààrọ̀. Bí gbogbo wọn bá dọ́gba, tí wọn kò gbẹ, tí iná wọ BMS tí kò sì jáde, ó ṣeé ṣe kí BMS ti jóná. Ẹni tó bá ń fi tuntun sí i gbọ́dọ̀ to àwọn wáyà tín-ín-rín rẹ̀ ní títẹ̀léra, kí ó sì wọn wọ́n kó tó kì wọ́n bọ inú bọ́ọ̀dù. Wáyà kan tó bá ṣìnà lè jó o lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fo BMS, tó so bátìrì mọ́ mọ́tò tààrà, ti fi iná sábẹ́ ìjókòó ọlọ́kadà.

BMS ń ṣe ohun tí ọ̀gá àtijọ́ ń fi igò ìwọn àti mítà ṣe: ó ń ka sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí àìsàn ọ̀kan ran gbogbo ìlà. Nítorí náà, oníbátìrì Ìlọrin tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń tú bátìrì ọ̀dà kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Nọ́ḿbà tuntun àti irinṣẹ́ tuntun ló kù kó kọ́, kí ó sì fi wọ́n kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó ṣe fírídọ̀mù.