Ta Ni Yóò Rán Wọn Lọ sí Yunifásítì? Ìtàn Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́ Láàrin Àwa Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Allah, Ọba Onímọ̀ jùlọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, lọ́dọọdún tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá bá jáde, ìdùnnú a máa ṣubú lu ayọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ìbéèrè kan fi ń dé: ta ni yóò sanwó yunifásítì? Ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò JAMB, tí kò sì rí owó ìwọlé san, ilé náà ni yóò jókòó sí pẹ̀lú ẹni tí kò yege. Àwọn kan nínú wa ní ìjọba nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn mìíràn rò pé àṣà òyìnbó ni sikọ́láṣíìpù. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí ti ń gbọ́ bùkátà akẹ́kọ̀ọ́, ìrànwọ́ tí ó sì máa ń pẹ́ ni èyí tí a fún ní orísun, tí kò dúró lé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ilé àwọn ará Kanem ní Káírò

Láàrin 1242 sí 1252, àwọn Mùsùlùmí Kanem, ní agbègbè adágún Chad, ń gba ilẹ̀ Íjíbítì kọjá lọ sí Mẹ́kà. Al-Maqrizi, òpìtàn ará Íjíbítì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kó owó lé adájọ́ kan tí ń jẹ́ Ibn Rashiq lọ́wọ́, ó sì fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí Fustat, ìlú àtijọ́ tí ó ti di ara Káírò. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn ń dé sí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi owó ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni owó fi ń ti ilé wá. Ẹ wò ó: àwọn arìnrìn-àjò Hájì láti apá ibi tiwa yìí ló ronú kan ọmọ tí yóò wá kàwé lẹ́yìn wọn.

Ní Al-Azhar, mọ́ṣáláṣí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 970, ìran kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbé. Àwọn ará Bornu pàápàá ní tiwọn. Wọ́n ń pín búrẹ́dì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Níbo ni owó rẹ̀ ti ń wá? Inú wakufu ni: oko, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí olówó yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́run, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà, tí a kì í sì í pín gẹ́gẹ́ bí ogún. Èrè orí rẹ̀ ni wọ́n ń ná. Nígbà tí Muhammad Ali tí ó jọba ní Íjíbítì gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wakufu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àlùfáà àti akẹ́kọ̀ọ́ Al-Azhar rí i lára gan-an.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀nà tiwa yàtọ̀. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìwé wà, ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí sì ń bẹ̀rù pé bí ọmọ àwọn bá wọ ibẹ̀, yóò pàdánù ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta Bey ní Èkó ní 1894, Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, gba àwọn Mùsùlùmí níyànjú láti kàwé. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, Edward Blyden sì wà lára àwọn tí ó ṣe akitiyan rẹ̀. Ní 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, òun àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé sikọ́láṣíìpù kì í wá ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí lọ. Nígbà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ẹni tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama nìkan ló lè sún mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí àwọn baba wa kò bá ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kì bá tí lè jáwèé béèrè fún un rárá. Ní 1954, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn dá Muslim Students' Society sílẹ̀, Lateef Adegbite sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Èyí fi hàn pé owó nìkan kọ́ ni ìrànwọ́; ọmọ tí ó bá ara rẹ̀ níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni nílò ará tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọn ọmọ kéwú náà rí ọ̀nà. Shaykh Adam Abdullah al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti tẹ̀síwájú lọ sí yunifásítì ilẹ̀ Lárúbáwá, títí kan ti Mẹ̀dínà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1961.

Ẹ̀bùn àti ẹ̀yáwó

Ìjọba náà gbìyànjú. Ní 1972, ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ní 1977, ó fagi lé owó ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó yáwó ni kò dá a padà, àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀. Ní 1993, ìjọba fi ilé ìfowópamọ́ ẹ̀kọ́ rọ́pò àjọ náà. Ìyẹn pàápàá kò tẹnu bepo.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ètò tí Islamic Development Bank bẹ̀rẹ̀ ní 1983 fún àwọn Mùsùlùmí tí ó wà ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nàìjíríà wà lára wọn, nítorí 2005 ló tó di ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀bùn ni owó náà jẹ́ fún àwùjọ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó tí kò ní èlé ló jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jáde tí ó sì ríṣẹ́, yóò dá a padà, kì í ṣe sí ilé ìfowópamọ́ náà, bí kò ṣe sínú àpò ẹ̀kọ́ àwùjọ tirẹ̀, kí ọmọ mìíràn lè rí i lò. Ẹ̀yáwó dáadáa tí ẹ̀sìn wa fẹ́ràn nìyí. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2024 náà kò ní èlé nínú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìbẹ̀rù èlé dí ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ̀ pé gbèsè ni, sísan ni a sì ń san gbèsè.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mọ́ṣáláṣí wo ni kò lè ya ṣọ́ọ̀bù kan tàbí méjì sọ́tọ̀, kí owó ilé rẹ̀ máa lọ sí ti akẹ́kọ̀ọ́? Ẹgbẹ́ wo ni kò lè ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, kí ó sọ fún wọn nígbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde àti ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ ńlẹ̀? Ọmọ tí ó jẹ́ aláìní lè jẹ nínú sàká. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá sì yá lówó, kí ó fọwọ́ síwèé níwájú ẹlẹ́rìí pé nígbà tí Ọlọ́run bá ṣí ọ̀nà fún òun, òun náà yóò rán ẹlòmíràn lọ.

Àwọn ará Kanem kò mọ orúkọ ọmọ tí yóò sùn sínú ilé tí wọ́n kọ́, síbẹ̀ wọ́n kọ́ ọ. Kí Ọlọ́run Allah fún wa ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe orí ire. Àmín.