Retromer Kò Kú, Àjọṣe Rẹ̀ ni Ó Dàrú

Láti ọdún 2011 tí ìwádìí lára àwọn ẹbí kan ní Swítsàlandì àti Austríà ti fi hàn pé àyípadà kan ṣoṣo nínú jíìnì VPS35 lè fa àrùn Parkinson, àlàyé tí ó gbajúmọ̀ ni pé Retromer, àkójọ prótéènì tí VPS35 wà nínú rẹ̀, ni ó bàjẹ́ lára wọn. Mo takò ó. Retromer wọn wà ní pípé. Àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn prótéènì yòókù ni ó dàrú. Irú oògùn tí ó yẹ kí a máa wá dúró lórí ìyàtọ̀ yìí.

Bí prótéènì bá ti ojú awọ sẹ́ẹ̀lì wọ inú, ẹ́ńdósóòmù ni yóò kọ́kọ́ dé, oríta sì ni ibẹ̀. Ọ̀nà kan lọ sí láísósóòmù, níbi tí àwọn ẹ́ńsáìmù yóò ti já a wẹ́wẹ́. Òmíràn yóò dá a padà sí ojú awọ tàbí sí Golgi kí sẹ́ẹ̀lì lè tún un lò. Retromer wà lára àwọn tí ń yọ ẹrù tí kò gbọdọ̀ ṣègbé kúrò lójú ọ̀nà ìparun.

Ara ìwúkàrà ni Matthew Seaman, Scott Emr àti ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1998. Prótéènì Vps10 ni ó máa ń ru ẹ́ńsáìmù kan kúrò ní Golgi, kí ó lè dé inú àpò tí ń ṣe iṣẹ́ láísósóòmù fún ìwúkàrà. Bí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀ tán, Retromer a dá a padà kí ó lè wá ru òmíràn. Níbi tí Retromer kò bá sí, Vps10 a há sára àpò náà, ẹ́ńsáìmù tí ó yẹ kí ó rù a sì máa dà sí ìta sẹ́ẹ̀lì. Bí àìsí Retromer gan-an ṣe máa ń rí nìyẹn. Kì í fara sin.

Ti D620N kò rí bẹ́ẹ̀. (Orúkọ àyípadà náà nìyẹn: ní ipò 620 lórí VPS35, asparagine gba àyè aspartate.) VPS35 tí ó ní i ṣì ń so pọ̀ mọ́ VPS26 àti VPS29, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni igi lẹ́yìn ọgbà Retromer. Ohun tí ìwádìí 2014 tọ́ka sí ni pé ìdè rẹ̀ pẹ̀lú WASH ti rọ̀, ìyẹn àkójọ prótéènì tí ń hun okùn actin sára ẹ́ńdósóòmù kí ẹrù lè yà sọ́tọ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ẹ̀rí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù dé ní 2018. LRRK2, prótéènì tí àyípadà nínú jíìnì tirẹ̀ náà lè fa Parkinson, máa ń lẹ fọ́sífétì mọ́ Rab10, ọ̀kan lára àwọn prótéènì tí ń darí ìrìnnà inú sẹ́ẹ̀lì. Nínú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára aláìsàn mẹ́ta tí ó ní D620N, iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Ènìyàn mẹ́ta péré, mo gbà. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò lára eku gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sì yọ VPS35 kúrò pátápátá, iṣẹ́ LRRK2 lọ sílẹ̀. Bí D620N bá jẹ́ àìsí Retromer, ibi kan náà ni ìbá yẹ kí méjèèjì forí lé. Òdìkejì ara wọn ni wọ́n jẹ́.

Alátakò lè tọ́ka sí àrùn Alzheimer, níbi tí Scott Small àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ti rí i ní 2005 pé VPS35 àti VPS26 dínkù nínú ọpọlọ. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Èròjà bí R55, tí ń mú Retromer dúró digbí, lè wúlò fún ohun tí ó ti dínkù. Kí ni yóò ṣe fún èyí tí kò dínkù? Ní ti D620N, kí a dí LRRK2 lọ́wọ́ ni ó bá ẹ̀rí mu.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ní 2023, ìwádìí kan tí ọ̀pọ̀ olùkópa rẹ̀ wá láti Nàìjíríà rí àyípadà kan nínú jíìnì GBA1 tí ń mú kí ewu Parkinson ga láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà, tí ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an láàrin àwọn ará Yúróòpù. Inú láísósóòmù ni ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ní ìparí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà oríta tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn ka àwọn aláìsàn wa mọ́ ti D620N láìwọn nǹkan kan. A lè wọn iṣẹ́ LRRK2 lórí Rab10 nínú ẹ̀jẹ̀. Kí àwọn ilé ìwòsàn wa tí ń gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn Parkinson fún ìwádìí jíìnì fi ìwọ̀n yìí kún un, kí oògùn LRRK2 tó dé ọ̀dọ̀ wa.