Gbòdògí ní Ilẹ̀ Igbó Ìkirè àti Àpòmù

Irú ilẹ̀ igbó tó móoru tó sì lọ́rinrin, tí ìlú Ìkirè àti Àpòmù wà, ni gbòdògí, àrùn awọ ara tí ń ràn láti ara ọmọdé kan sí òmíràn, ti máa ń gbilẹ̀ láyé àtijọ́. Egbò rẹ̀ a wú, a sì pọ́n. Bí ó bá pẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ a sán, eegun ojúgun a sì tẹ̀ síwájú bí idà. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó lè pè é ní ẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àpá ẹ̀tẹ̀ kì í sábà mọ ìrora. Ní àwọn ọdún 1950, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF bá Nàìjíríà gbógun ti gbòdògí. Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kan ṣoṣo sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n eegun tó ti tẹ̀ kò nà mọ́.